Àjọgbé, Ẹni Tí Irin Rẹ̀ Ń Fúyẹ́ Lápá Òsì

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Àjọgbé nígbà tí kóòṣì tó ń kọ́ ọ ní eré irin gbígbé kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà. Bó bá ti gbé irin kọjá orí, apá òsì á yọ gòkè díẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń bá a tì í láti ìsàlẹ̀. Dókítà wọn apá rẹ̀ méjèèjì, wọ́n dọ́gba. Wọ́n gbé àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà létí ọ̀pá sórí òṣùwọ̀n, àwọn náà dọ́gba. Wọ́n wá gbé tọ̀tún sósì, wọ́n gbé tòsì sọ́tùn-ún. Òsì náà ló tún yọ gòkè.

Kóòṣì fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn kò dúró lápá òsì rẹ̀ mọ́.

Àjọgbé ni wọ́n kọ sẹ́yìn aṣọ eré rẹ̀, orúkọ ìdílé wọn ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi ṣẹ̀fẹ̀: "Àjọgbé, ta lẹ jọ ń gbé ná? Sọ fún un kó máa gbálẹ̀ yàrá o!" Òun náà rò pé jíjọ gbé inú ilé kan ni orúkọ náà ń sọ. Bàbá rẹ̀ tí ì bá là á yé e ti kú kí ọmọ náà tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Lẹ́yìn tí àwọn adájọ́ lé e kúrò nínú ìdíje ẹ̀ẹ̀mejì torí ọ̀pá tó ń wọ́, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, arúgbó aránṣọ, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Màmá, kí ni wọ́n ń pè ní Àjọgbé?"

Ìyá náà yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ta ló ní kó o bi mí?"

"Irin ni, Màmá. Apá òsì rẹ̀ ń fúyẹ́."

Ó ní kó ti ilẹ̀kùn.

Ó ní alábàárù ni bàbá òun, bàbá náà àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló jọ ń kó ẹrù fún àwọn tó bá ń kó lọ sílé tuntun. Bàbá a di ọ̀tún mú, àbúrò a di òsì. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù kan gòkè, àbúrò ṣubú lulẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin, kò dìde mọ́. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín, bàbá padà lọ. Kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀hún ṣì wà lórí àtẹ̀gùn. Òun nìkan ló gbé e dókè.

"Obìnrin tó ni ín ṣílẹ̀kùn, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, 'Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin méjèèjì.' Ó bu omi ife méjì wá. Bàbá mu ọ̀kan. Kò wo èkejì, kò sì wẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Àjọgbé. Ti ẹrù ni, ọmọ mi, kì í ṣe ti ilé."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Bàbá ẹ máa ń dá gbé fìríìjì. Ìwọ náà tún wá lọ ń gbé irin. Ìgbà wo lẹ fẹ́ kí àbúrò bàbá mi yẹn sinmi?"

Ní ìdíje tó tẹ̀ lé e, irin dé òkè orí, òsì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sápá òsì: "Bàbá, ẹ sọ̀ ọ́. Ẹ ti ṣe tó."

Gbogbo ìwúwo náà dé sí èjìká òsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Eegun ró kọ̀, irin sì bọ́ lulẹ̀ gbì. Kóòṣì tó jókòó níwájú fa ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, bí ẹni tó ń yà fún ẹni tó fẹ́ kọjá. Nígbà tí wọ́n bi í lẹ́yìn náà, ó ní òun kò mọ ìdí.

"Ó dá ẹ lóhùn?" ni ìyá aránṣọ bi í níbi tó dùbúlẹ̀ sí nílé ìwòsàn.

"Rárá, Màmá. Àmọ́ ó mí kanlẹ̀, létí mi níbí."

Oṣù mẹ́jọ ni èjìká náà fi jinná. Ó padà sídìí irin kéékèèké bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Ohun tó ń gbé kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà míì a máa sọ fún kóòṣì pé òun kò mọ̀ pé irin wúwo tó báyìí. Lọ́dún kẹta, ọ̀pá rẹ̀ dúró gbọnrangandan, iná funfun mẹ́ta tí àwọn adájọ́ fi ń sọ pé ẹni náà gbé e dáadáa tàn fún un, ó sì gba ipò kẹta. Ìyá aránṣọ wà láàárín èrò. Ó ní òun kò sunkún, èéfín ló kó sí òun lójú. Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò dáná níbẹ̀.