Omi Inú Ìgò Oyèdèjì

Rọ̀kíbátù kì í gba nǹkan gbọ́ àfi tó bá tọ́ ọ wò. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ẹ̀yìn Ọjà Olúwo ni wọ́n bí i sí, ilé ọkọ ló gbé e wá bá wa ní Ìgbògbò. Láràárọ̀, kó tó wọ ọkọ̀ tó fi ń pa akàn, yóò bu omi ọ̀sà, yóò fi kan ahọ́n, yóò tu ú dànù. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lásìkò òjò, ọ̀sà wa kì í níyọ̀. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á gòkè wá, iyọ̀ á sì dé. Ahọ́n rẹ̀ ló ń sọ ibi tó máa dẹ ìgèrè sí.

Àfi bí ilé-iṣẹ́ kan ṣe ra ilẹ̀ etí ọ̀sà, wọ́n mọ ògiri yí èbúté wa ká, wọ́n fi géètì dí ọ̀nà. Ó ti tó oṣù méjì tí Rọ̀kíbátù ti ń gba inú ẹrẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ tó ń mù ún dé orúnkún. Ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́ta. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí i.

Ìbò wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Fẹ́búárì, Oyèdèjì, ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó háyà yàrá ní àdúgbò Agric, dé fìlà ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ó kó wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ẹ̀yin ìyá mi, omi mímọ́, èbúté ọ̀fẹ́! Ètò ẹgbẹ́ wa nìyẹn. A ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti ṣí géètì fún gbogbo èèyàn. Omi èbúté yín ló wà nínú ìgò ọwọ́ mi yìí, àárọ̀ yìí ni mo bù ú. Ẹ wo bó ṣe clean tó!"

Ó ní ká tẹ̀ka sínú ìwé pé ẹgbẹ́ òun ló ṣí èbúté. Kí n má purọ́, èmi ti ki àtàǹpàkò bọ íǹkì.

Rọ̀kíbátù ò mira. Bàtà ọmọ náà ló ń wò, bàtà funfun tí ẹrẹ̀ ò kàn rárá.

"Ẹni tó máa dáṣọ fún wa, tọrùn ẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò," ó ní. "Gbé ìgò yẹn wá."

"Ìyá, ẹ má mu ún o!"

"Ṣebí ìwọ lo ní ó mọ́?"

Ó fi kan ahọ́n. Kò tu ú dànù, ó gbé e mì. Mi ò rí i kó gbé omi ọ̀sà mì rí.

"Oṣù wo la wà yìí?"

"Fẹ́búárì ni, mà."

"Iyọ̀ rẹ̀ dà? Omi ẹ̀rọ lo gbé fún mi."

Oyèdèjì wolẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mo débẹ̀ lóòótọ́. Mo sọ fún gateman pé ẹgbẹ́ ló rán mi. Ó ní òun ò lè ṣí i fún ẹnikẹ́ni."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, ìka ni mò ń nù mọ́ ìró, íǹkì ọ̀hún ò sì lọ. Rọ̀kíbátù náà ò rẹ́rìn-ín. Ó da omi yẹn nù, ó na ìgò òfìfo sí ọmọ náà.

"Ká ṣòkòtò ẹ sókè," ó ní. "Jẹ́ n fọ̀nà ẹrẹ̀ hàn ọ́."