Ẹsẹ̀ Don Nolberto Nínú Omi Ìrìbọmi

Ní ìlú tí wọ́n ti bí Eusebio Challapa, òjò kì í rọ̀. Pozo Almonte ni ìlú náà, ní aṣálẹ̀ apá àríwá ilẹ̀ Chile, níbi tí wọ́n ti ń kan òrùlé nítorí oòrùn nìkan. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ìjọ Mọ́mọ́nì yàn án láti fi ọdún méjì wàásù, tí wọ́n sì rán an sí ọ̀dọ̀ wa ní Quelén, ìlú kékeré kan ní erékùṣù Chiloé, ní gúúsù. Oṣù kẹfà ló dé, nígbà tí òtútù ti wọlé, tí òjò tí kì í dá sì ti bẹ̀rẹ̀. Alàgbà Challapa ni gbogbo ìjọ ń pè é, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ọ̀dọ́mọkùnrin yòówù tó bá fi báàjì dúdú yẹn sí àyà, bí irùngbọ̀n ò tilẹ̀ tíì hù lágbọ̀n rẹ̀.

Wọn kì í dá nìkan rìn. Alàgbà Thorley, ará Idaho ní Amẹ́ríkà, ni ẹnìkejì rẹ̀: ọ̀dọ́mọkùnrin gíga, onírun pupa, tí yìnyín kò bà lẹ́rù rí, ṣùgbọ́n tí òjò wa tí ń ti ẹ̀gbẹ́ rọ̀ ti sú pátápátá. Òfin wọn ni pé kí ọ̀kan má ṣe kúrò níbi tí ojú èkejì ti lè tó o, àfi ní ilé ìwẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ń jí, nínú òkùnkùn biribiri, nítorí pé ní ìgbà òtútù ilẹ̀ kì í mọ́ lọ́dọ̀ wa títí aago mẹ́jọ á fi kọjá. Challapa á fa ìwé ìròyìn tó kì sínú bàtà rẹ̀ lálẹ́ kí ó lè gbẹ, tó ti rin gbingbin, jáde, á ki ọwọ́ bọ inú bàtà náà, kò sì ní lè sọ bóyá ó ṣì rin ni tàbí ó kàn tutù. Á dáná sí sítóòfù onígi. Igi á rú èéfín, kò ní jó. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kàwé, wọ́n á jẹ búrẹ́dì, wọ́n á sì jáde sínú òjò.

Ohun tó ń dàrú mọ́ ọn lójú ju òjò lọ ni àwa fúnra wa. Ẹnìkan á yọ orí lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ní, "Ẹ padà wá lọ́la." Wọ́n á padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n á rí i tí kọ́tìnnì mì, ẹnikẹ́ni ò ní ṣílẹ̀kùn. Ẹlòmíràn á sọ ọ̀rọ̀ kan náà, wọn ò ní lọ, ẹni náà á sì pàdé wọn ní ilé búrẹ́dì: "Mo se ọ̀dùnkún dè yín títí, ẹ ò yọjú. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ yín nìyẹn?"

"Báwo la ṣe máa mọ èyí tó fẹ́ wa nínú wọn?" ni Challapa bi ẹnìkejì rẹ̀ bí wọ́n ti ń gun òkè.

"A ò ní mọ̀. Ká máa lọ sọ́dọ̀ gbogbo wọn."

"Àwọn ajá wọn náà ńkọ́?"

"Àwọn ajá nìkan ni kì í fi ọ̀rọ̀ sínú ní ìlú yìí."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí wọ́n bá gbà á láyè láti pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ìyá náà á bi í bóyá òótọ́ ni pé òjò ibẹ̀ kì í dá. Á ní ó máa ń dá díẹ̀. Ìyá á ní, "Tó bá dá, ibo ló ń lọ?" Challapa á wo ojú fèrèsé, á ní òun ò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ "mi ò mọ̀" yìí ló sì wá di ìṣòro rẹ̀ láàárín ìjọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, olúkúlùkù á dìde láti jẹ́rìí, bí wọ́n sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni, "Mo mọ̀ pé òótọ́ ni." Thorley ń sọ ọ́ bí ẹni ń pe orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó kan Challapa, ó ní, "Mo mọ̀," ó dákẹ́, ó wo orí bàtà rẹ̀, ó ní, "Mo rò pé mo mọ̀," ó sì jókòó. Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ní orí ìjókòó ẹ̀yìn pátá, ọkùnrin arúgbó kan tó dé fìlà gbé orí sókè, ó sì ń wò ó.

Don Nolberto Colivoro ni ọkùnrin náà, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì, tí orúnkún ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í tẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ìjọ. Ercira ìyàwó rẹ̀ ni ọmọ ìjọ láti ọjọ́ pípẹ́. Don Nolberto ló máa ń fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé e wá ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, á sì jókòó sínú ọkọ̀ lóde, á máa fa mate, tíì ewé kíkorò wa, títí wọn yóò fi parí. Ṣùgbọ́n ní ìgbà òtútù yìí, gíláàsì ọkọ̀ náà fọ́, òjò ń wọlé, Don Nolberto sì wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì wá láti yáná. Lẹ́yìn ẹ̀rí tí Challapa jẹ́ ní ìdajì yẹn, ó dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ wá sílé mi," ló wí. "Ẹ mú èyí tí kò dá ara ẹ̀ lójú yìí dání."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jókòó ti sítóòfù Ercira. Òun á gbé milcao jáde nínú epo, àkàrà ọ̀dùnkún wa, á sì tì í síwájú wọn. Don Nolberto á bu omi gbígbóná sórí ewé mate nínú igbá kékeré, á fà á tán, á tún un bù, á nà án sí wọn. Olórí àwọn míṣọ́nnárì kò gbà wọ́n láyè láti bá ará ìlú fa mate láti ẹnu ọ̀pá ìfàmu kan náà, nítorí náà ife omi gbígbóná ni wọ́n máa ń tọrọ.

"Omi lásán? Omi tí mo fi ń fá irùngbọ̀n lẹ wá ń mu nílé mi."

"Nolberto, fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

"Mi ò so wọ́n mọ́lẹ̀, ìyàwó mi. Ilẹ̀kùn nìyẹn. Òjò ló so wọ́n."

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè, ó sọ ife rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun yóò ṣe ìrìbọmi. Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ Ercira dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan," ni Don Nolberto wí. "Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ojú mi ò tíì wọ inú omi láti ọjọ́ tí ọkọ̀ wa dojú dé lẹ́bàá èbúté, tí àbúrò mi Lautaro ò yọ mọ́, tí òkúta sì fọ́ orúnkún mi. Aṣọ tútù ni mo fi ń nu ojú. Ẹ bi obìnrin yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa rì. Tí mo bá ti jáde, mo jáde nìyẹn. Ẹni tó bá ní kí n padà síbẹ̀, òun ni kó máa gbé Ercira wá sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Òfin àwọn Mọ́mọ́nì sì le lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo ara ló gbọ́dọ̀ wọ inú omi pátápátá. Ẹlẹ́rìí méjì máa ń dúró létí omi láti ṣọ́ ọ. Bí ìka kan tàbí ìdì irun kan bá yọ sókè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Thorley ṣàlàyé rẹ̀, ó ní òun lágbára, ẹ̀ẹ̀kan náà yóò tó. Challapa wo orúnkún tí kò ṣeé tẹ̀ yẹn. Ó rò ó pé bí orí bá lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ yóò gbéra sókè bí pákó. Ṣùgbọ́n kò dá a lójú, kò sì sọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n mú. Ìjì ń jà, síbẹ̀ àwa ará ìjọ pé jọ. Ní àárín ìgbà tí wọ́n ń bu omi gbígbóná sínú adágún ìrìbọmi, gáàsì tí wọ́n fi ń gbé omi náà gbóná tán, Arákùnrin Barría tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìjọ wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru kẹ́tùlù láti orí sítóòfù onígi ní ilé ìdáná. Iná mànàmáná ń ṣẹ́jú. Challapa àti Ercira ni ẹlẹ́rìí. Don Nolberto sọ̀ kalẹ̀ nínú aṣọ funfun, ó di ọwọ́ Thorley mú débi pé ìka rẹ̀ funfun. Thorley gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó sọ àwọn ọ̀rọ̀ náà, ó sì tì í sẹ́yìn.

Omi bú. Ṣòkòtò funfun náà wú pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Níhà àtẹ̀gùn, ohun funfun kan tàn bí ọ̀dùnkún tí wọ́n ti bó, ó sì pòórá. Iná ṣẹ́jú. Arúgbó náà ti jáde, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ là kedere.

"Ó tán," ló ń wí. "Ó tán, àbí?"

Barría yíjú sí àwọn ẹlẹ́rìí. "Arábìnrin Ercira?"

"Mo dijú ni," ni Ercira wí. "Mi ò lè wò ó. Ìgbà tó wúkọ́ ni mo tó lajú."

"Alàgbà Challapa, ìwọ ló kù."

Gbogbo ojú yí sí i. Bó bá ní arúgbó náà rì, ọ̀rọ̀ parí, wọ́n á kọrin, wọ́n á lọ yáná. Bó bá ní kò rì, Don Nolberto á bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sílé, Ercira á sì tún máa dúró de ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ yóò ṣe ìrìbọmi, bó ti ń dúró láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wá ohun tó rí nínú orí rẹ̀, ohun náà kò dúró sójú kan.

"Mi ò mọ̀," ló wí.

"O ò mọ kí ni?" ni Thorley bi í láti inú omi.

"Nǹkan funfun kan wà níbi ẹsẹ̀ wọn. Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ ṣòkòtò."

"Tó bá jẹ́ ṣòkòtò, ṣé ó kàn wá?" ni Thorley wí.

"Ṣòkòtò náà gbọ́dọ̀ rì," ni Barría wí, ó ń họ orí rẹ̀. "Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó yọ sókè omi ni, tàbí abẹ́ omi ni mo ti rí i," ni Challapa wí.

"Ọmọ," ni Don Nolberto wí, àgbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n, "ṣé o lajú?"

"Mo lajú, Don Nolberto. Mo là á gan-an."

"O lajú, o ò sì rí nǹkan kan."

"Mo rí i. Ohun tí mo rí ni mi ò mọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n lára bóyá ẹsẹ̀ yín jáde?"

"Ẹsẹ̀ yìí? Bí ajá bá ń jẹ ẹ́, àfi kí Ercira wá sọ fún mi."

Thorley sún mọ́ etí adágún, ó rọra sọ̀rọ̀. "Sọ ọ̀kan. Èyíkéyìí. Òtútù ń pa wọ́n."

Challapa yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo Ercira bóyá ojú rẹ̀ á sọ fún un èyí tó yẹ kó sọ. Ercira kàn tẹ́ tówẹ́ẹ̀lì sí ọwọ́ méjèèjì. Don Nolberto yí padà, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dára sókè, ó wá dúró.

"Ìwọ obìnrin yìí, kí lo fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù pa ọ́ sínú omi," ni Ercira wí. "Mi ò sì fẹ́ kí n máa wò ọ́ bí o ti ń sùn, kí n máa rò ó bóyá ẹsẹ̀ rẹ rì tàbí kò rì."

Don Nolberto sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀ padà, omi ń kán ní irun imú rẹ̀.

"Ẹni tó bà á jẹ́ ni kó tún un ṣe," ló wí níkẹyìn. "Ìwọ ọmọ aṣálẹ̀, bọ́ bàtà rẹ. Wá di ẹsẹ̀ yìí mú."

Thorley bi Barría bóyá òfin gbà bẹ́ẹ̀. Barría ní òun ò rántí ibi tó ti kọ̀ ọ́, ó sì lọ dúró sí ipò ẹlẹ́rìí. Challapa kò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó bọ́ bàtà àti kóòtù, ó sọ̀ kalẹ̀, òtútù náà sì gbá a láyà débi pé kò rántí bí wọ́n ṣe ń mí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ẹsẹ̀ arúgbó náà mú. Thorley tún sọ àwọn ọ̀rọ̀ náà. Don Nolberto lọ sẹ́yìn, ẹsẹ̀ náà gbéra bí pákó lóòótọ́, ó sì ń fa Challapa sókè; Challapa fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí omi fi bo orí òun náà. Kò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀. Egungun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Nígbà tó jáde, Ercira ti kúnlẹ̀ létí omi, ojú rẹ̀ là rekete.

"Ó rì," ló wí. "Mo rí i. Gbogbo rẹ̀, títí dé èékánná."

"Èmi náà rí i," ni Barría wí.

Don Nolberto ti rọ̀ mọ́ ọrùn Thorley, ó ń wúkọ́, ó ń pè é ní gbogbo orúkọ tí apẹja ń pe afẹ́fẹ́ burúkú. Wọ́n gbé e jókòó sórí àtẹ̀gùn, Ercira fi tówẹ́ẹ̀lì dì í, ó ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó ń sunkún díẹ̀. Arúgbó náà na ìka sí Challapa.

"Èyí ńkọ́? Òun náà rì. Ṣé tirẹ̀ náà kà ni?"

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín.  Barría fọwọ́ pa àgbọ̀n rẹ̀.

Challapa dúró sínú omi náà, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Màmá Ercira," ló wí, "ṣé ẹsẹ̀ wọn yọ nígbà àkọ́kọ́?"

"Jáde wá, ọmọ mi, kí òtútù má ṣe ọ́ léṣe."

Ó nawọ́ gba tówẹ́ẹ̀lì kejì tí obìnrin náà nà sí i, ṣùgbọ́n kò tíì gun àtẹ̀gùn. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń wo ojú omi níbi tí nǹkan funfun náà ti tàn. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó funfun nínú ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, kò sì lè sọ, ti ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pàápàá, bí ó ti jìn sí ojú omi tó.