Ọfà Tó Bá Apá Bàbá Mu

Bí mo bá rí ẹni tó ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ wò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí mo máa ń pè ní Bàbá, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọdẹ ni wọ́n nílùú Ìlá. Kò sí ọ̀pá ọfà tí wọn kò ní tẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ki irin bọ orí rẹ̀. Wọ́n á máa bá a wí bí ọmọ: "Ìwọ yìí, o rọ̀ jù. Ọrun mi á ṣẹ́ ọ." Wọ́n á sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ní àwọn ọdún 1990, tí mò ń ṣe tíṣà nílùú Ọ̀rà, ọfà wọn kò ba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n fi ń dánra wò mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà lọ. Wọ́n ní igi ìsinsìnyí ni kò dáa. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọsán ọrun tí wọ́n máa ń fà dé etí, àyà ló ń mọ. Ọfà líle ń fẹ́ agbára tí wọn kò ní mọ́; bí a kò bá fa ọrun tó, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń yà sí.

Ní Sátidé kan tí mo wálé, mo ṣa àwọn tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo ki irin bọ̀ wọ́n, mo kó wọn sínú apó ọfà. Èyí tí Bàbá kọ́kọ́ ta gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín gbùngbùn. Wọ́n fà á yọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n wá wò mí.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé apá mi ti rọ̀?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Wọ́n gbé apó lé mi lọ́wọ́. "Máa bá mi yàn wọ́n."

Títí ọjọ́ ikú wọn, èmi ni mò ń bá wọn tẹ ọ̀pá ọfà wò. Lọ́dọọdún ni mò ń yan èyí tó rọ̀ ju ti èṣí lọ, wọn kò sì bi mí ní nǹkan kan mọ́.