Gbólóhùn Kẹta Zehava

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Zehava Kadoori fi ka mítà omi láti ilé dé ilé, nílùú kékeré kan lẹ́sẹ̀ òkè Kámẹ́lì. Kò sí géètì tí kò kàn rí, kò sí ajá tí kò mọ ohùn rẹ̀. Ohùn ọ̀hún kì í sì í ṣe ohùn jẹ́jẹ́. Bó bá ké "Omi o!" lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó wà nínú balùwẹ̀ á dáhùn.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Yiftah, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, nígbà tó bógun lọ ní Gásà. Láti ìgbà náà, gbogbo Ọjọ́ Ìrántí ni wọ́n máa ń pe Zehava kó wá sọ gbólóhùn mẹ́ta níwájú òkúta tí wọ́n fín orúkọ àwọn ọmọ ìlú tó kú sójú ogun sí. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, ohun tí etí ìlú fẹ́ gbọ́ ló sọ. Nígbà tó di ọdún kẹrin, Menashe, ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìrántí, ní kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Zehava gbé e lọ. Menashe yọ bírò pupa, ó fi fagi lé gbólóhùn kẹta.

Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju èyí lọ: "Mi ò fẹ́ kí ìyá kankan tún dúró síbi tí mo dúró sí yìí, ì báà jẹ́ níhìn-ín, ì báà jẹ́ ní Hébúrónì." Ìlú àwọn Palẹsitínì ni Hébúrónì.

Menashe ní, "Ìyá Yiftah, òṣèlú nìyí."

"Èwo ni òṣèlú níbẹ̀?"

"Hébúrónì."

"Orúkọ ìlú mà ni! Ẹ̀yin gan-an lẹ fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní kíláàsì."

"Ẹ má bínú. Ẹkún la fẹ́ sun lọ́jọ́ náà, a ò wá jà."

"Ohun tó pa ọmọ mi wá ńkọ́? Ṣé òjò ló pa á ni?"

Menashe kì í ṣe èèyàn burúkú. Orúkọ àbúrò tirẹ̀ náà wà lára òkúta yẹn. Ṣùgbọ́n kò mú bírò pupa náà kúrò lórí ìwé.

Zehava délé, inú ń bí i débi pé ó gbàgbé síbí sínú ife tíì tó fẹ́ mu. Ó pe Ibtihal lórí fóònù. Ìlú Bẹ́ìtì Umárì, lẹ́bàá Hébúrónì, ni Ibtihal ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Munther ọmọ rẹ̀ ń bọ̀ láti oko àjàrà nígbà tí ìbọn sójà bà á. Nínú ẹgbẹ́ àwọn tí ìjà náà pa èèyàn wọn, Júù àti Palẹsitínì, làwọn méjèèjì ti pàdé. Lárúbáwá àtijọ́ tí ìyá Zehava kó wá láti Bàgídáàdì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń pa Ibtihal.

"Ìyá Munther, wọ́n ti fi bírò pa ìlú ẹ rẹ́ o."

"Wọ́n tún ti pa wá rẹ́? Ẹ̀ẹ̀kejì lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn! Ìwé ìwọlé tí mo ń retí lọ́wọ́ ìjọba yín kí n lè wá síbi ìrántí ẹgbẹ́ wa, wọn ò fún mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì dúró sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ó ní ṣé èmi ni mò ń lọ bá àwọn tó pa ọmọ mi sunkún. Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, omijé tiwọn náà níyọ̀.'"

"Ó ti sú mi, Ibtihal. Ó sú mi pátápátá."

"Jẹ́ kó sú ẹ. Tó bá sú ẹ tán, lọ sọ ọ́ bó o ṣe kọ ọ́. Àmọ́ má fi Lárúbáwá yìí sọ ọ́ o, wọn á rò pé ọba ayé àtijọ́ kan ló jíǹde."

Nígbà tí Ọjọ́ Ìrántí pé, ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, fèrè ìdárò dún jákèjádò ilẹ̀ náà. Àwọn ọkọ̀ dúró lójú títì, àwọn èèyàn bọ́ sílẹ̀, wọ́n tẹrí ba fún ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tó kan Zehava níwájú òkúta náà, ó dárúkọ ọmọ rẹ̀, ó sọ gbólóhùn kìíní, ó sọ èkejì. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kẹta, ẹnì kan pa makirofóònù.

Ó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo mítà tó ti bàjẹ́. Ó gbé e sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ohùn tó fi ń ké lẹ́nu géètì sọ ọ́ tán, Hébúrónì àti gbogbo ẹ̀. Ó sì fi ẹ̀kẹrin tí kò kọ sílẹ̀ kún un: "Bí ìyá olóòkú ò bá lè sọ tẹnu rẹ̀ nílẹ̀ yìí, ẹ sọ fún mi, kí ni ọmọ mi torí ẹ̀ kú?"

"Ọ̀dàlẹ̀!" ni ọkùnrin kan ké láti ẹ̀yìn.

"Ìwọ panu mọ́, jẹ́ kó sọ̀rọ̀!" ni obìnrin kan dá a lóhùn.

Ìdílé méjì dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Menashe tẹjú mọ́ bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Wọ́n yọ orúkọ Zehava kúrò lára àwọn tó ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ò dùn ún tó ti Sigalit, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń ta oògùn ní fámásì ìlú. Àwọn oníbàárà ń fojú burúkú wò ó, òun náà ò gbé fóònù ìyá rẹ̀ mọ́.

Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Zehava ń lọ sí oríta ńlá, òun àtàwọn márùn-ún mìíràn, pẹ̀lú pátákó: "Àlàáfíà àti ìjọba tí gbogbo wa lóhùn sí: bí mo ṣe ń rántí Yiftah nìyí." Àwọn awakọ̀ ń fọn hóònù, wọ́n ń ṣépè. Àwọn tí wọ́n jọ dúró gan-an ń yọ ọ́ lẹ́nu: ọ̀jọ̀gbọ́n kan fi wákàtí kan jiyàn lórí àmì ìdánudúró kan ṣoṣo láàárín ọ̀rọ̀ ara pátákó náà. Zehava ní, "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ mú àlàáfíà wá? Ẹ kọ́kọ́ bá àmì yẹn parí ìjà ná!"

Lọ́sẹ̀ kẹrin, mọ́tò kékeré kan páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Sigalit bọ́ sílẹ̀, ó fajú ro, ó de akẹtẹ̀ kan mọ́ ìyá rẹ̀ lórí.

"Màmá, mi ò gbà pẹ̀lú yín o. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mi ò gbà. Oòrùn yìí ni mi ò fẹ́ kó pa yín."

"Mo gbọ́. Bá mi di ẹ̀gbẹ́ pátákó yìí mú, apá ń ro mí."

Sigalit pòṣé. Ó dì í mú.