Àtẹ́lẹsẹ̀ Ọmọ Ọjọ́ Méjì

Ayé ṣì wà lọ́wọ́ òyìnbó nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Ọ̀tà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tán ní ọsibítù Èkó ni, mo sì gbà pé kò sí ohun tí n kò mọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni dókítà kọ́ wa láti fi wọn ìfúnpá ọmọ tuntun, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi ń ṣàn. A ó di rọ́bà mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, a ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí ẹ̀jẹ̀ má lè kọjá, a ó wá máa tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi padà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tètè padà, ìfúnpá dára; bí ó bá pẹ́, ó ti lọ sílẹ̀. O lè fi ìka wá ìpadàbọ̀ náà, o sì lè fi ẹ̀rọ àfigbọ́ àyà gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ọmọ tuntun kì í sábà dún sétí. Ọ̀nà kẹta ló jẹ́ tuntun: a ó fi báńdéèjì wé àtẹ́lẹsẹ̀ pinpin kó lè funfun, a ó fẹ́ rọ́bà, a ó tú báńdéèjì, a ó sì máa wo ìgbà tí pupa ẹ̀jẹ̀ yóò padà síbẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ òjò kan, ìyá àgbà kan gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá láti ọ̀nà Adó-Odò. Okùn tí wọ́n fi di ìwọ́ rẹ̀ ti tú, ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ gbingbin. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ Èkó dúró níwájú ilé wa. Bí ìfúnpá ọmọ náà bá ti lọ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá ọkọ̀ yẹn lọ gba ẹ̀jẹ̀.

Mo fi ìka wá a, n kò rí nǹkan gidi. Mo fi ẹ̀rọ gbọ́ ọ, kẹ́kẹ́ pa. Mo wá wé ẹsẹ̀, mo fẹ́ rọ́bà, mo tú báńdéèjì. Afẹ́fẹ́ ò tíì jò tó nǹkan tí mo fi rí pupa. Inú mi dùn.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lágbára."

"Nọ́ọ̀sì, ó ti rọ̀ jù. Kò sunkún látàárọ̀."

"Ìyá, ohun tí mo fojú rí ni mò ń sọ."

Mo ní kí awakọ̀ máa lọ.

Ìgbà tí mo fi òwú tútù nu ẹsẹ̀ ọmọ náà ni òwú pọ́n. Osùn ni! Wọ́n ti fi kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀ lẹ́yìn ìwẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ tuntun, bí ìyá tèmi náà ti ṣe fún mi. Báńdéèjì lé ẹ̀jẹ̀ lọ, kò lé osùn. Mo sáré bọ́ sí títì, mo ń pariwo bíi wèrè. Ọkọ̀ ti lọ.

Ọmọ náà kú kí wọ́n tó pe ìrun àìlà lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ìyá àgbà ń wo òwú náà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé osùn tèmi ló pa á?"

Mo mọ ẹni tó pa á. Ìka mi ti sọ fún mi, ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ti sọ, n kò gbọ́. Ìtìjú mú mi, ẹ̀rù sì bà mí.

Mo ní, "Ìyá, ẹ má fi osùn kun ọmọ tuntun mọ́."

Ó kúnlẹ̀ níwájú èmi ọmọ kékeré, ó ní kí n forí ji òun.