Òkúta Mẹ́fà Lẹ́bàá Ìkòkò Aró

Nígbà tí mo ṣì kéré, ní agboolé wa ní Aké, àbúrò mi obìnrin ni mo jowú jù láyé.

Kó má yà yín lẹ́nu, ẹ̀yin ọmọ mi. Orí rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan, kò sì lè kà ju mẹ́ta lọ. Èmi ni mo ń gba ẹ̀bùn nílé ìwé ìjọ. Síbẹ̀, òun ni ìyá àgbà wa aláró mú sẹ́bàá ìkòkò. Èmi ló ń rán lọ pọnmi.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà là ń rẹ aṣọ. Bí a bá yọ ọ́, a ó sá a sí afẹ́fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ lè yí, kí a tó tún rẹ ẹ́. Ìyá àgbà to òkúta mẹ́fà sílẹ̀ fún àbúrò mi: bó bá ti rẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan, kó gbé òkúta kan sínú igbá.

Lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní aṣọ. "Ẹni tí tiẹ̀ bá dára jù ni mo máa fi ìkòkò yìí lé lọ́wọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ìyá àgbà, èmi àti ta ni? Èyí tí kò mọ mẹ́rin yàtọ̀ sí márùn-ún?"

Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Bí àbúrò mi ti kẹ̀yìn láti sá aṣọ, mo jí méjì nínú òkúta rẹ̀, mo jù wọ́n sẹ́yìn ògiri. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ó rẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, òkúta tán. Ó na aṣọ sókè, ó wò ó títí. "Kò tíì dúdú," ló wí. Ó tún rẹ ẹ́, ó sá a, ó tún rẹ ẹ́. Èmi tí mo ń ṣọ́ ọ ti gbàgbé iye ìgbà tí mo rẹ tèmi. Tèmi jáde bí aṣọ tó ti ṣá lọ́dún mẹ́ta.

Ìyá àgbà ní, "Òun ń wo aṣọ. Ìwọ ń wo àbúrò rẹ."

Láti ọjọ́ náà ni àbúrò mi ti ń jẹun nídìí ìkòkò yẹn, tó ń fi ìka aró gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ayé ti yí. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin kan rí bíi ti àbúrò mi yìí. Ibi iṣẹ́ tí a bá dé, fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń nà sí i. Kò ní tíì ka ìlà kan tán tí wọ́n á ti ní, "Màmá, ẹ mú un padà sílé." Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo mú un lọ bá àbúrò mi. Ó to òkúta mẹ́fà sílẹ̀ fún un.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà ṣe tẹjú mọ́ aṣọ tó ń rẹ, tí kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wò mí, owú àtijọ́ tún gún mi láyà. Mo jókòó, mo ń kà á lọ́kàn: ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Mi ò fọwọ́ kan òkúta kankan.