Ẹni Tó Kọ̀ Kì í Gbà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní lópítà Ṣábẹ, ọ̀gá mi gún mi lábẹ́rẹ́ kí ó tó kí mi káàbọ̀. Mo ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò mi. Ó fa ìka mi, ó gún un, ó kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí àwo pẹlẹbẹ funfun kan, ó kán omi oògùn sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi àwo náà jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó gbójú sókè.

"Gúrúpù O," ó ní. "Ó dára. Gúrúpù O ni èmi náà. Káàbọ̀, kàmáráàdì."

Mùsíè Dòsù ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Àgbómẹ̀ ni, Fọ̀n pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ṣábẹ débi pé Nàgó, èdè wa, ló fi ń bú èèyàn. Ayé ìjọba ológun ni nígbà náà, ayé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo, kàmáráàdì ni gbogbo wa, àtọ̀gá àtẹni tó ń gbálẹ̀. Mùsíè Dòsù á pè ọ́ ní kàmáráàdì tán, á wá rán ọ lọ pọn omi.

Lópítà wa kò ní fìríìjì tí a lè kó ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sí. Ara èèyàn ni ìkòkò wa. Bí wọ́n bá gbé aboyún tó ń ṣẹ̀jẹ̀ dé, àwọn ará ilé tó sìn ín wá la ó yẹ̀ wò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá bá a mu á dùbúlẹ̀, a ó so okùn rọ́bà mọ́ ọn lápá, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn sínú ìgò tí a ti bu omi oògùn sí kó má baà dì. Kí a tó gbé ìgò náà kọ́ fún aláìsàn, a ó po ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì lórí àwo. Bó bá ṣù bí wàrà tó bàjẹ́, ikú ni. Bó bá dúró geere, iṣẹ́ yá. Mo fẹ́ràn àkókò tí à ń wo àwo yẹn ju gbogbo iṣẹ́ náà lọ. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, síbẹ̀ bí mo bá mú àwo lọ́wọ́ nílé ìdáná, ọwọ́ mi á máa mì ín, àwọn ọmọ ọmọ mi á sì máa rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ń sá fún wa pọ̀. Ọkùnrin tó ń bẹ́ igi ìrókò lulẹ̀, bó bá rí abẹ́rẹ́ wa, á rántí pé ewúrẹ́ òun ti já. Nítorí irú wọn ni Mùsíè Dòsù ṣe ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ohùn òkè: "Ẹni tó kọ̀ kì í gbà!" Ó ní bí ẹnì kan bá du ẹlòmíràn ní ẹ̀jẹ̀, kí ó má retí ìgò lọ́jọ́ tirẹ̀. Mo rò pé ó kàn fi ń dẹ́rù bà wọ́n ni.

Ohun mìíràn wà tí dókítà tó ti Kútọnu wá kò kà sí, bí ó bá gbọ́ ọ, ẹ̀rín ló máa ń fi í rín. Ní agbo ilé púpọ̀ ní Ṣábẹ, pàápàá jù lọ ní àwọn oko Boni, ẹni tó bá fún ọ ní ẹ̀jẹ̀ ti di ọmọ ìyá rẹ. Wọ́n á gbé obì lọ kí ara wọn. Ìyá rẹ á di ìyá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, kò tún sí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó láàárín wọn mọ́ láéláé. Dókítà lè rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Boni ni Àjàní ti wá. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibà ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Mo gún òun náà níka, gúrúpù O ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ ọjà tí kì í gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá, á ní ìka tí mo gún ṣì ń dun òun. Mùsíè Dòsù ní òun kò rí irú ìka bẹ́ẹ̀ rí. Fẹlisité ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n Àjàní gbọ́ ọjọ́ kan tí ìyá mi kì mí ní Àdùkẹ́, òun náà sì mú un pè. Bí ó bá ti pè é lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ìgò á fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò ní fi òwe bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Ọgbẹ́ inú ló dá mi dùbúlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀jẹ̀ láàárín iṣẹ́, wọ́n sì gbé mi sórí ibùsùn tí èmi fúnra mi ti máa ń tẹ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Ọjọ́ ọjà ni. Àjàní wọlé, ó bá mi níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn wọn bí ẹni tó wà nínú kànga. Mùsíè Dòsù so rọ́bà mọ́ ọn lápá. Àjàní jókòó díẹ̀, ó wò mí, ó wo ọ̀gá mi, ó sì tú rọ́bà náà.

"Mi ò lè fún un," ó ní, ó sì bọ́ síta.

Mùsíè Dòsù ló dùbúlẹ̀ tì mí, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ló wọ ara mi. Nígbà tí mo lajú, ó ní kí n yéé pe òun ní Mùsíè, Bàbá ni kí n máa pe òun, nítorí òun náà ti di ọmọ Ṣábẹ. Bí mo bá sì gbaná jẹ níbi iṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, á ní ẹ̀jẹ̀ Fọ̀n ló ń gùn mí.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ó lọ, òmíràn tún dé, n kò kí Àjàní. Ó ṣì ń wá. Á jókòó sábẹ́ igi kajú nínú ọgbà lópítà, á kọjú sí àwọn àpáta ńlá tó yí ìlú ká, á dúró títí oòrùn á fi kọjá orí, á sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ náà máa ń ké. Bí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń ti fèrèsé. Ìlú pè é ní ahun, pé ó jẹun ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ tán, ó sì fẹ́ kó kú. Èmi kò bá wọn sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi ń sọ ọ́. Ohun tó sì ń bí mi nínú jù ni pé ọjọ́ tí n kò bá gbọ́ igbe kẹ̀kẹ́ yẹn, mo máa ń ṣí fèrèsé náà wo ojú ọ̀nà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkọ̀ akẹ́rù kan já wọ ọgbà. Ìyá Àjàní ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, aṣọ rẹ̀ pọ́n láti àyà dé ilẹ̀. Àjàní ń gé igi lóko ni àáké yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì bù ú nítan. Dókítà ń rán ojú ọgbẹ́ náà, ó kígbe pé bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé kíákíá, òkú lòun ń rán yìí.

Mo yẹ ìyá rẹ̀ wò, kò bá a mu. Àwọn tí a mọ̀ ní ìlú pé gúrúpù O ni wọ́n, ìjọba ti kó gbogbo wọn lọ sí oko àjùmọ̀ro lápá odò Òkpárá ní kùtùkùtù. Bàbá mi Dòsù ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ibà apọ́njú ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó wọlé, ó wo ojú ẹni tó wà lórí ibùsùn.

"Ṣé kì í ṣe ẹni tó tú rọ́bà lápá ara rẹ̀ nígbà tí ìwọ ń kú lọ nìyí?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ẹni tó kọ̀ kì í gbà."

Ìyá Àjàní kúnlẹ̀. "Mùsíè, ẹni tí kò pọn omi, ṣé òùngbẹ kì í gbẹ ẹ́ ni?"

"Ó ń gbẹ ẹ́, Ìyá. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ilé bá kọ̀ tí wọn ò pọn ọ́n, kí ni ẹ ó mu? Bí mo bá fún ẹni tó kọ̀, ta ni yóò tún na apá sí mi? Obìnrin tó máa ṣẹ̀jẹ̀ níbí lọ́la, ta ni yóò gbà á?"

Bàbá mi Dòsù kì í ṣe ìkà. Ó ti na apá tirẹ̀ fún àwọn tí kò mọ orúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mo mú rọ́bà.

Ìyá Àjàní rí i, ó di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, dúró ná. Bí o bá fún un, ó parí o. O mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa."

"Kí ló parí, Ìyá?"

"Kí lo rò pé ó mú un kọ̀ lọ́jọ́sí? Ó rí i pé ọ̀gá yín ti ká apá aṣọ tirẹ̀ sókè, ó mọ̀ pé o ò ní kú. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ òun bá wọ ara rẹ, àbúrò òun lo dà. Kò fẹ́ ọ lábùúrò. Iṣu ìdána tí a ó gbé lọ bá bàbá rẹ ti wà lórí àká nígbà náà. O ti fèrèsé, ojú tì í, kò lè sọ ọ́." Ó bú sẹ́kún. "Mo fẹ́ kí ọmọ mi yè. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí yóò bá nílẹ̀ bó bá lajú."

Mo wo Bàbá mi Dòsù. Ó rọra mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lóòótọ́ ni, ó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè lọ́jọ́ náà kí Àjàní tó dìde.

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi láti ìgbà yẹn nìyẹn, àkókò tí mo máa pàdánù Àjàní ló sì dé etí mi. Òṣìṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni mí. Mo mọ̀ pé ohun tó wà nínú ìgò kì í sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Àjàní gbà á gbọ́, ìyá rẹ̀ gbà á gbọ́, gbogbo agbo ilé tí mo fẹ́ wọ̀ gbà á gbọ́. Mo lè fẹ́ òkú, tàbí kí n ní ẹ̀gbọ́n tó wà láàyè.

"Mi ò ní so rọ́bà fún un," Bàbá mi Dòsù wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Bàbá, òfin yín wà fún ẹ̀jẹ̀ tiyín. Tèmi nìyí."

Ó gba rọ́bà lọ́wọ́ mi, ó so ó mọ́ mi lápá fúnra rẹ̀, ó sì ń kùn pé ẹ̀jẹ̀ òun náà ló wà lára mi, pé a kàn tún fi ọgbọ́n gbà á lọ́wọ́ òun ni. Mo po ẹ̀jẹ̀ èmi àti Àjàní lórí àwo. Mo ń mì ín, mo ń gbàdúrà kó dúró geere, mo sì mọ̀ pé bó bá dúró geere, Àjàní ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ó dúró geere.

Nígbà tó lajú ní ìrọ̀lẹ́, ó rí òwú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá mi. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó yí padà sí mi.

"O ṣé o," ó ní. "Àbúrò mi."

Kò pè mí ní Àdùkẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò sì sẹ́ni tó tún pe orúkọ náà bí ó ti máa ń pè é.

Bàbá mi Dòsù kò kígbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Bí ẹnì kan bá kọ̀, ohun tó ń sọ fún wa ni pé, "Ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé." Òun ló fún mi ní àwo funfun rẹ̀ nígbà tó ń fẹ̀yìn tì, èmi náà sì fi òfin kejì yẹn kọ́ gbogbo àwọn tí mo tọ́ síṣẹ́. Fìríìjì dé nígbà tó yá. Ìgò ń ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹnikẹ́ni kò mọ ẹ̀jẹ̀ ta ni. Ó rọrùn báyìí, mi ò purọ́, ẹ̀mí tó ń là pọ̀ sí i. Síbẹ̀ àárò àkókò tí ẹ̀jẹ̀ ní ojú àti orúkọ máa ń sọ mí.

Mo fẹ́ tíṣà kan, èèyàn dáadáa ni, ó bí mi nínú díẹ̀, ó ṣìkẹ́ mi púpọ̀. Àjàní náà níyàwó. Ọjọ́ ìdána àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, wọ́n gbé mi jókòó sórí ẹní àwọn àbúrò bàbá ìyàwó, mo sì gbàdúrà fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ mi. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọ̀pá ti ẹsẹ̀ tí a rán lọ́jọ́sí. Ọmọ náà tẹ̀ sí etí mi.

"Àǹtí, wọ́n ní bàbá mi kọ̀ láti fún yín lẹ́jẹ̀ nígbà kan. Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin fi wá fún wọn?"

Mo tún gèlè rẹ̀ ṣe fún un.

"Ohun kan náà tó mú wọn kọ̀ ni."